Ẹ̀rọ Àtijọ́ àti Ẹ̀rọ Tuntun: Èwo Ni Ó Mọ Àwo Sídì Í Kà Jù?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àpótí àwo sídì nílé, tí ohùn bàbá rẹ̀ tí ó ti di ẹni ilẹ̀ sì wà nínú ọ̀kan nínú wọn, kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìbéèrè náà kò gùn. Bí ènìyàn bá ní ògbólógbòó ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo sídì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó sì lọ fi owó gọbọi ra ẹ̀rọ tuntun tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí ó máa ka àwo lọ? Ṣé ọmọ yìí mọ iṣẹ́ náà í ṣe ju àgbà lọ lóòótọ́, àbí ọjà ni àwọn oníṣòwò ń wá ọ̀nà àti tà?

Ìlú Ore ni ó dára kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin tí kò mọ Ore. Oríta ńlá ni. Ibẹ̀ ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Odígbó tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Biafra gba Benin tí wọ́n sì dorí kọ ọ̀nà Èkó, tí ó jẹ́ pé ní Ore ni wọ́n ti bá ìdènà pàdé. Gbólóhùn tí ogun náà fi sẹ́nu àwọn ènìyàn, pé ó le kú, ìjà Ore, kò tíì kúrò nínú èdè Yorùbá títí di òní. Ìjà tí a fẹ́ làjà rẹ̀ yìí kò ní ìbọn nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó láàrin àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ orin nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀ yóò mọ̀ pé òun náà le díẹ̀.

Ní oríta Ore, àwọn ọkọ̀ akérò máa ń dúró kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Ní ìgbà tí àwo sídì gbòde, àwọn tí ń kiri rẹ̀ kì í jìnnà sí irú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀: orin jùjú, orin fújì, orin ìjọ, ìwàásù, eré ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orin kó wọ inú fóònù, àwọn ọlọ́jà sì wá ọjà mìíràn gbé. Ṣùgbọ́n àwo tí a ti rà ti wà nílé. Ó wà nínú àpótí, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí pẹpẹ ilé ẹ̀kọ́, ó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ìjọ. Ta ni yóò kà á?

Kí àwo sídì tó dé, ohùn Yorùbá ti gun orí oríṣìíríṣìí nǹkan. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, kọ orin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwo ẹlẹ́gẹ́ ni ti ayé ọjọ́un. Ìgbà 78 ni ó ń yí lórí giramafóònù láàrin ìṣẹ́jú kan, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó parí. Ní ọdún 1936 ni Túndé King gbé orin jùjú tirẹ̀ sórí irú àwo bẹ́ẹ̀. Àwo ńlá tí kì í tètè fọ́ tẹ̀lé e. Ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ Philips fi kásẹ́ẹ̀tì han aráyé, kò sì pẹ́ tí kásẹ́ẹ̀tì fi wọ gbogbo ilé àti gbogbo ọkọ̀. Ilẹ̀ Oǹdó àti agbègbè rẹ̀ kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọmọ Oǹdó ni King Sunny Adé, Comfort Ọmọge sì gbé orin Ìkálẹ̀ dé orí àwo kí àwọn tí kò dé Òkìtìpupa rí lè gbọ́ ọ. Ọdún 1982 ni àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe fún ilé-iṣẹ́ Island jáde sí gbogbo ayé. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ sídì tirẹ̀ àkọ́kọ́, CDP-101, ní ilẹ̀ Japan. Òun àti Philips ni wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀ ṣe àwo náà.

Báwo ni àwo sídì ṣe ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá rárá. Ẹ wo babaláwo nídìí ọpọ́n. Ó da ìyẹ̀rosùn sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́, ojú kan tàbí ojú méjì. Nígbà tí àmì bá pé mẹ́jọ, Odù kan ti jáde. Bí ó bá jẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, Èjì Ogbè ni. Bí ó bá jẹ́ ojú méjì-méjì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni. Nítorí pé ọ̀nà méjì péré ni àmì kọ̀ọ̀kan lè gbà wá, tí àmì náà sì jẹ́ mẹ́jọ, Odù 256 ni ó wà, kò lé, kò dín. Irú ìmọ̀ yìí ni ó wà nídìí àwo sídì. Wọ́n ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi àmì 16 kọ ohun tí wọ́n bá wọ̀n sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Odù méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn ni àmì 16. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde jẹ́ 65,536. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, àmì 1,411,200 ni ohùn tí a ń gbọ́ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Àwo tí ó gbé gbogbo èyí kò fẹ̀ ju 12 sẹ̀ǹtímítà lọ. Inú ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ sí etí, kì í ṣe láti etí lọ sínú bí ti àwo àtijọ́. Nígbà tí kíkà bá wà nítòsí àárín, ó ń yí tó ìgbà 500 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ó ti ń bọ̀ níta ni ó ń rọra dín eré kù, títí yóò fi di nǹkan bí ìgbà 200. Iná lésà kan tí ó gba inú awò kékeré kọjá ni ó ń wo àwọn kòtò wẹ́wẹ́ tí ó wà lára rẹ̀. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyèsí i: àwo ni ohun tí ń yí, awò ni dígí tí ń wò ó, awo sì ni ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ àmì. Ohùn nìkan ni ó ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ohùn yìí yóò tún padà wá.)

Àwọn tí ó ṣe àwo náà mọ ọmọ aráyé. Wọ́n mọ̀ pé yóò fi ọwọ́ tí ó fi jẹun dì í mú, pé yóò sì gbé e sórí tábìlì láìní àpò. Nítorí náà wọ́n fọ́n àwọn àmì náà ká, wọ́n sì fi àmì àlékún sí i. Bí ibi tí ó gùn tó mìlímítà méjì ààbọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà àwo náà, ẹ̀rọ lè fi èyí tí ó kù ṣírò èyí tí ó sọnù, kí ó sì bá a gẹ́lẹ́. Èyí kì í ṣe àbá. Ìṣirò tí kì í ṣì ni. Bí ìbàjẹ́ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò: yóò wo àmì tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e, yóò sì fi ohun tí ó jọ wọ́n dí àlàfo. Bí ó bá tún burú ju ìyẹn lọ, ó dákẹ́, tàbí kí ó máa fò káàkiri bí ọ̀pọ̀lọ́.

Nínú ẹ̀rọ sídì àtijọ́, òṣìṣẹ́ méjì ni wọ́n ń gbé inú àpótí kan. Èkíní ni akàwo, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó yí àwo, kí ó wo àmì, kí ó sì tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Èkejì ni atúmọ̀, tí ó ń sọ àmì di ohùn. Ó dà bí ẹni tí ó ń pe ojú Odù lórí ọpọ́n àti ẹni tí ó ń ki ẹsẹ̀ Ifá. Ẹ̀rọ tuntun tí àríyànjiyàn dá lé lórí, irú bí CXC tí ilé-iṣẹ́ Cambridge Audio ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tàbí 6000CDT ti Audiolab, akàwo nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá so ó mọ́ sípíkà, kò ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Wáyà ni yóò gbé àmì láti inú rẹ̀ lọ bá atúmọ̀ tí ó wà nínú àpótí mìíràn. Ẹ̀rọ àtijọ́ náà lè ṣe iṣẹ́ akàwo lásán bí ó bá ní ihò tí àmì ń gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan kò ní in: CDP-101 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò ní ihò yìí. Láàrin àwọn ọdún 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ká ní olùkọ́ Yorùbá kan wà ní Ore tí ó ní ẹ̀rọ sídì tí ó ti ń lò láti ọdún 1989. Ká sì ní àbúrò rẹ̀ kan ń gbé Odígbó, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ, tí ó ti ra akàwo tuntun. Ọ̀rọ̀ wọn kò ní ju báyìí lọ:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ yín yìí ti dàgbà ju èmi gan-an lọ. Ohùn rẹ̀ kò mọ́ tó."

"Kí ni kò mọ́ níbẹ̀, àbúrò mi? Ọ̀rọ̀ wo ni akọrin sọ tí o kò gbọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tèmi, ẹ ó mọ ìyàtọ̀."

"Ó dára. Gbé tìrẹ wá ní ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n a ó da aṣọ bo àwọn méjèèjì. Ọmọ mi ni yóò máa yí i padà, ìwọ ni yóò sì sọ èyí tí ń kọrin."

Olùkọ́ yìí gbọ́n. Láìda aṣọ bo ẹ̀rọ, ojú ni ó ń gbọ́rọ̀, kì í ṣe etí. Owó tí ènìyàn ná sórí nǹkan a máa mú kí nǹkan náà dùn létí rẹ̀. Ó kù ohun méjì tí ó yẹ kí ó kíyèsí: kí àwọn méjèèjì gba inú atúmọ̀ kan náà kọjá, kí ariwo wọn sì dọ́gba, nítorí pé èyí tí ó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní èyí tí ó dára. Bí ó bá ṣe gbogbo èyí, tí àwo mọ́, tí ẹ̀rọ méjèèjì wà ní àlàáfíà, tí atúmọ̀ náà sì jẹ́ ti òde òní, àbúrò rẹ̀ kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ju bí ẹni tí ó ta kọ́bọ̀ sókè ti lè mọ ojú tí yóò fi wálẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí ojú Odù tí ó wà lórí ọpọ́n bá jẹ́ Ìwòrì Méjì, Ìwòrì Méjì ni ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò pè é, ìbáà jẹ́ arúgbó, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà ṣe pé ọpọ́n náà ti gbó. Kò sí Ìwòrì Méjì tí ó mọ́ ju Ìwòrì Méjì mìíràn lọ. Ẹni tí kò bá gbà lè so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó gba àmì orin kan náà sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, kí ó sì gbé èkíní lé èkejì. Nígbà tí ó bá ti mú ìbẹ̀rẹ̀ wọn dọ́gba, yóò rí i pé wọn kò fi àmì kan yàtọ̀.

Àwọn tí ó ń gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ tuntun ní èsì kan tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní àmì nìkan kọ́, àsìkò tí àmì ń dé náà ṣe pàtàkì. Òótọ́ ni. Onílù dùndún tí ó mọ ohun tí yóò fi ìlù sọ, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń yá níbì kan tí ó ń falẹ̀ níbòmíràn, yóò ba ijó jẹ́. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, ọ̀pọ̀ atúmọ̀ ni ó ń tẹ̀lé aago tí ó ti inú akàwo wá. Bí aago akàwo bá ń gbọ̀n, ohùn náà yóò gbà nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbọ̀n náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ó sábà ń rí i ju etí lọ. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó sọ pé akàwo kan dára ju òmíràn lọ kò sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ atúmọ̀ òde òní ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọn a kó àmì tí ó ń bọ̀ jọ sẹ́nu ọ̀nà ná, bí ẹní kó ẹ̀kọ sínú agbọ̀n, wọn a sì fi aago tiwọn pín in jáde ní dọ́gba-dọ́gba. Bí akàwo bá kánjú díẹ̀ tàbí tí ó fà sẹ́yìn díẹ̀, agbọ̀n náà ni ó mọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ní owó tí ó sì fẹ́ kí ohùn dára sí i, sípíkà ni kí ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà atúmọ̀, kí ó tó ronú kan akàwo rárá.

Ní ti kíkọ́ ẹ̀rọ, àwọn àgbà ni ó borí. Àwọn akàwo Philips kan ní àwọn ọdún 1980 jẹ́ irin tí a yọ́ dà, awò wọn sì jẹ́ dígí gidi. Ike ni ó pọ̀ jù nínú ti òde òní, nítorí pé ẹ̀yà ara tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tàbí fún kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tan yín pé irin ń mú kí àmì dùn. Ó ń mú kí ẹ̀rọ pẹ́ ni.

Àmọ́ pípẹ́ náà ní òpin. Iná lésà ń rẹ̀ bí ojú àgbà ti ń rẹ̀. Rọ́bà tí ń ti àwo síta ń domi tàbí kí ó gan. Eruku ọyẹ́ ń bo awò. Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ó sì ń fi agbára wọlé lójijì, ti pa ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀. Bí ó bá sì bàjẹ́, ibo ni a ó ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà? Àwọn atúnṣe ní Ore lè fọ awò mọ́, wọ́n lè wá rọ́bà tí ó bá a mu, ṣùgbọ́n bí lésà bá ti kú, àfi kí wọ́n yọ ti ẹ̀rọ mìíràn tí ó ti kú nítorí ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjọ́ Sátidé yẹn. Àríyànjiyàn ohùn ti parí, àbúrò sì ti gba ẹ̀gbọ́n láyè. Olùkọ́ náà wá mú àwo kan jáde tí kò sí àwòrán lára rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bírò ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí i: "Ìsìnkú Màmá, 2006." Àwọn obìnrin Ìkálẹ̀ ni wọ́n kọrin níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí òun náà ti kú ni ó lé e fún wọn. Ó fi í sínú ẹ̀rọ rẹ̀ tí kì í tijú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yí i, ó yí i, ó wá a títí, ó sì tì í síta. Wọ́n gbé e sínú akàwo tuntun. Òun kà á, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orin kẹta, ohùn já.

Ibi tí ìyàtọ̀ gidi wà nìyí. Àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ jáde, kòtò gidi ni ó wà lára rẹ̀, ó sì ń dán dáadáa. Àwo tí a fi kọ̀ǹpútà kọ kò ní kòtò. Aró kan ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, iná ni ó sì sun àmì sínú aró náà. Kì í dán tó ti ilé-iṣẹ́. Èyí tí a lè pa rẹ́ kí a tún kọ òmíràn sí i tún burú jù: ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dá padà kò tó ìdá mẹ́ta ti àwo ilé-iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti wà kí irú àwo yìí tó dé ni kò sì lè rí nǹkankan lára rẹ̀. Àwọn akàwo tuntun mọ̀ pé irú àwo bẹ́ẹ̀ wà láyé, a sì ṣe wọ́n fún un. Ní ti èyí, ọmọ ju àgbà lọ, kò sí àríyànjiyàn. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀ràn náà tilẹ̀ kan ni ju bí ó ti kan àwọn ará Yúróòpù lọ, nítorí pé orin àwọn gbajúmọ̀ wà lórí àwo ilé-iṣẹ́, ó sì lè tún jáde nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ìsìnkú, ìyàwó, ìwúyè ọba, ìwàásù, àti orin tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, orí àwo aláró ni gbogbo wọn wà.

Aró náà kò fẹ́ràn oòrùn, kò sì fẹ́ràn ooru. Àwo tí ó wà nínú ọkọ̀ tí a gbé sí oòrùn ní Ore láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ti jìyà. Èyí tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lórí, tí bébà náà sì ká pẹ̀lú fàdákà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí akàwo tí yóò kà á mọ́, ìbáà jẹ́ ti ọdún 1983, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

Kí ni ó sọnù bí ohùn bá já? Ẹni tí kò sọ èdè olóhùn lè rò pé kò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò fi ju bí ohùn ti lọ sókè tàbí sílẹ̀ yàtọ̀ síra. Nínú orin àgbà tí ó kún fún ẹ̀ka-èdè, tí ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ kò sí láyé mọ́, sílébù kan tí ó bọ́ lè sọ gbogbo gbólóhùn di àdììtú. Kásẹ́ẹ̀tì ti fìyà èyí jẹ wá tẹ́lẹ̀: nígbà tí rọ́bà rẹ̀ bá dẹ̀, ohùn á máa fì bí ọkọ̀ ojú omi, ìlù dùndún á sì máa sọ ohun tí onílù kò sọ. Àwo sídì kò ní àléébù yìí. Ó tún pa ìyàtọ̀ s àti ṣ mọ́, èyí tí ó wà lókè pátápátá nínú ohùn, tí tẹlifóònù àtijọ́ kì í fẹ́ẹ́ gbé dáadáa. Àti ẹ̀rọ àtijọ́ àti tuntun ni ó ń gbé e jáde bí ó ti wà. Èyí tí kò ní gbé e jáde ni kí ènìyàn fún orin náà pọ̀ jù nígbà tí ó bá ń kó o sínú fóònù, kí ó má bàa gba àyè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ohun tí wọ́n rò pé wọ́n ń tọ́jú jẹ́.

Nítorí náà, fún ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ní àpótí àwo bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Oǹdó, ìbáà jẹ́ ní Òkìtìpupa, ẹ̀rọ kẹta kan wà tí ó ju àwọn méjèèjì lọ, kò sì wọ́n tó wọn: ihò àwo tí ó wà lára kọ̀ǹpútà, tàbí èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ ọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni kò ní in mọ́. Akàwo orin kò lè dúró. Orin ń lọ, ohun tí kò bá rí kà, ó ti kọjá nìyẹn, àyàfi àwọn kan tí ó ń sáré kà ṣáájú díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò kánjú. Bí ó bá dé ibi tí ó dọ̀tí, ó lè padà síbẹ̀ nígbà ogún, kí ó dín eré kù, kí ó tún wò ó, títí yóò fi rí àmì tí ó pé. Orin kẹta lórí àwo ìsìnkú yẹn, ìyẹn lè rí i.

Kò gba àyè púpọ̀ pẹ̀lú. Wákàtí kan orin sídì láìfún un rárá jẹ́ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 635, ìyẹn ni pé fíláàṣì kékeré tí ó gba gígábáìtì 32 yóò gba nǹkan bí wákàtí 50. Kí wọ́n ṣe é sí méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹ̀kọ́, kí èkejì wà níbòmíràn. Àwọn àwo tí a fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí lára ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó lé orin náà, ìlú rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣì wà nílé láti bi léèrè.